Ẹrù tí Ọmọ Kò Dì Fúnra Rẹ̀



Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ ní ayé, tí kò sì tíì kúrò ní ẹnu wa. Bí ọmọ kan bá jẹ́ onípayà, tí ó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, tí kò lè jókòó ti ìwé rẹ̀, tí inú sì ń bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan. Tàbí bí àgbàlagbà kan bá ń gbé ìbànújẹ́ kiri láti ọdún dé ọdún láìsí ohun kan pàtó tí a lè tọ́ka sí, a máa ń bèèrè pé: ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn kan a dáhùn pé òun fúnra rẹ̀ ni, nítorí pé olórí kunkun ni. Àwọn mìíràn a ní ègún kan ni ó wà ní ìdílé ìyá rẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀. Àwọn ẹ̀kẹta a sì wí pé bí ó ti yàn án láti ọ̀run wá nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe sí i.

Irú ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn gbé tọ Olúwa lọ nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, gẹ́gẹ́ bí Jòhánù Mímọ́ ti ròyìn rẹ̀ ní orí 9 Ìhìnrere rẹ̀. Olúwa kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà tàbí ti àwọn òbí rẹ̀ ni ó fà á. Ó yẹ kí a tún gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé láti bí 30 ọdún sẹ́yìn ni ìmọ̀ ìṣègùn ti ń rí ohun kan tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ohun náà kan ọkọ, ìyàwó, olùkọ́ àti aládùúgbò. Kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn dókítà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rù ń ṣe nínú ara. Nígbà tí ewu bá dé, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí àwọn kókó kéékèèké méjì tí ó wà lórí kíndìnrín wa, wọn a sì tú oje sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú oje wọ̀nyí ni èyí tí à ń pè ní cortisol. Àyà a máa lù kìkì, ojú a là, ẹsẹ̀ a yá láti sáré. Ẹ̀bùn Ẹlẹ́dàá ni èyí jẹ́. Ẹni tí kò bá ní i kò ní lè yà fún mọ́tò tí ń bọ̀ wá kọ lù ú. Bí ewu bá kọjá, ọpọlọ a pàṣẹ pé ó tó, ara a sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewu kò bá kọjá, tí ó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni ebi wà, tàbí lílù, tàbí ìjà, oje tí a dá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ a wá máa ṣàn nínú ara láti oṣù dé oṣù.

Èyí burú fún àgbàlagbà. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún aboyún àti fún ọmọ kékeré. Ibi-ọmọ a máa dá púpọ̀ nínú oje ìyá dúró kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n bí ìnira bá pọ̀ jù, tí ó sì pẹ́ jù, díẹ̀ nínú rẹ̀ a kọjá. Ọpọlọ ọmọ náà sì rèé, ìgbà náà gan-an ni à ń kọ́ ọ lọ́wọ́, títí di ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí a bá bí i. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé nígbà tí ìjì ń jà, ilé ìjì ni yóò kọ́: fèrèsé rẹ̀ a kéré, ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì nípọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ tí ó dàgbà nínú ìpayà ṣe ń múra sílẹ̀ de ayé ìpayà. Ọmọ náà yóò yára gbọ́ ìró ewu, yóò yára bínú, yóò yára sá. Ní ojú ogun, ọgbọ́n ni èyí. Ní kíláàsì àti ní ìdí oúnjẹ alẹ́, àìsàn ni à ń pè é.

Báwo wá ni ìpayà ọdún kan ṣe lè wà lára ènìyàn fún 40 tàbí 60 ọdún? Gbogbo wa tí a ti kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta kan náà, i, gb àti a, ni ó bẹ̀rẹ̀ igba, igbá àti igbà. Èkínní jẹ́ iye. Èkejì ni a fi ń bu omi. Ẹ̀kẹta ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà wọn kò yí padà rárá. Àmì orí wọn ni ó yí kíkà wọn padà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ara wa. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ogún tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wà, èyí tí à ń pè ní DNA. Ìbànújẹ́ kì í yí lẹ́tà ogún náà padà. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kéékèèké kan a máa lẹ̀ mọ́ ọn bí àmì, wọn a sì máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó ka ibí yìí sókè, kí ó ka ọ̀hún jẹ́jẹ́, kí ó má tilẹ̀ ka ibòmíràn rárá. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn àmì wọ̀nyí ni à ń pè ní epigenetics. Oúnjẹ, ẹ̀rù àti ìtọ́jú wà lára ohun tí ó lè fi àmì sí i tàbí kí ó mú un kúrò.

Ní ọdún 2004, Michael Meaney àti Moshe Szyf pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì McGill, ní ìlú Montreal ní Kánádà, tẹ ohun tí wọ́n rí lára eku jáde. Àwọn ìyá eku kan wà tí wọ́n máa ń fi ahọ́n lá ọmọ wọn gan-an, tí wọ́n sì ń tún irun wọn ṣe. Àwọn mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Àwọn ọmọ tí a lá dáadáa dàgbà di eku tí ara rẹ̀ balẹ̀, àmì orí ogún wọn sì yàtọ̀ ní ibi tí ọpọlọ ti ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti dá oje ìpayà dúró. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọmọ ìyá aláìbìkítà fún ìyá olùtọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ọmọ náà dà bí àwọn ọmọ olùtọ́jú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó ṣe é; ahọ́n ẹni tí ó tọ́ ọ ni.

Ẹnìkan lè wí pé eku kì í ṣe ènìyàn, òótọ́ sì ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ènìyàn nígbà náà. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Netherlands, ebi sì pa nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Àwọn aboyún wà láàárín ebi náà. Nígbà tí àwọn ọmọ tí a lóyún wọn nígbà tí ebi mú jù lọ dàgbà, ewu àrùn ọpọlọ tí à ń pè ní schizophrenia láàárín wọn tó ìlọ́po méjì ti àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 2008 àwọn onímọ̀ fi hàn pé, ní bí 60 ọdún lẹ́yìn ebi náà, àmì orí ogún àwọn ọmọ ebi yìí ṣì yàtọ̀ sí ti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ òbí kan náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà nílé pẹ̀lú wa. Láti oṣù keje ọdún 1967 títí di oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé fi jà ní Nàìjíríà. A dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ilẹ̀ Biafra, ebi sì pa ọmọdé lọ́nà tí aráyé kò lè gbàgbé. Ìjọ wa, nípasẹ̀ Caritas, àti àwọn ìjọ Onígbàgbọ́ yòókù, ni ó ń fi bàálù gbé oúnjẹ lọ sí Uli lóru. Nínú ìlú tiwa yìí, tí a kọ́ fún àjọ̀dún ọdún 1977, tìbò ni a fi pín ọ̀pọ̀ ilé lẹ́yìn àjọ̀dún náà. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá, Igbo, Edo àti Ìbìbíò fi ń gbé lójú kòròfo kan náà. Nínú àwọn tí ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Míísà, àwọn kan jẹ́ ọmọ ìgbà ebi náà. Ní ọdún 2010, Martin Hult àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí ènìyàn 1,339 ní Enugu. Àwọn tí wọ́n wà nínú oyún tàbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ-ọwọ́ nígbà ebi ti tó ẹni 40 ọdún nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wọn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga, ìbàdí wọn sì tóbi ju ti àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun lọ. Àyẹ̀wò náà kò wo àmì orí DNA tàbí ọpọlọ. Ara ni ó wọ̀n. Síbẹ̀ ó tó láti fi hàn pé ara kò gbàgbé ohun tí ọkàn kò lè rántí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ogun. Wọn kò tíì hu eyín.

Ẹ jẹ́ kí a tún súnmọ́lé sí i. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, iná ńlá bú gbàmù ní Abúlé-Àdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wa yìí. Ilé wó, ẹ̀mí ṣòfò, ilé-ìwé Bethlehem Girls College sì wó lulẹ̀. Sista Henrietta Alokha, tí í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé náà, kú níbi tí ó ti ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ là. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni a ti gbogbo Èkó pa nítorí àrùn kòrónà. Ẹ ronú àwọn obìnrin tí wọ́n lóyún ní àdúgbò wa ní oṣù náà: ìró náà ṣì wà ní etí wọn, ọjà ti pa, owó ti tán. Àwọn ọmọ inú wọn ti wọ ilé-ìwé báyìí. Mi ò wí pé gbogbo wọn ni ó ní àpá. Ohun tí mo wí ni pé, bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ta gìrì ní kíláàsì, kí olùkọ́ tó mú pàṣán, kí ó kọ́kọ́ ronú ibi tí ọmọ náà ti ń bọ̀.

Níbí ni ìbéèrè wa ti le. Bí ìnira ìyá bá lè tún ọpọlọ ọmọ ṣe ní ọ̀nà kan kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ta ni kí a dá lẹ́bi ìbínú rẹ̀ àti ìbànújẹ́ rẹ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ṣìnà.

Ìṣìnà kìíní ni kí a sọ ìmọ̀ yìí di ègún tuntun. Àwọn tí wọ́n ti ń kígbe ègún ìdílé tẹ́lẹ̀ lè yọ̀, kí wọ́n ní àwọn dókítà ti wá jẹ́rìí fún wọn. Rárá o. Wòlíì Ìsíkíẹ́lì, ní orí 18 ìwé rẹ̀, bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wí gidigidi nítorí òwe kan tí wọ́n ń pa pé jíjẹ àwọn bàbá ni ó ń kan eyín àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé a kì í fi ẹ̀bi ẹnìkan sí ọrùn ẹlòmíràn. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí kò sì tako èyí. Àpá ni wọ́n rí, wọn kò rí ẹ̀bi. Bóyá irú àmì bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ń kọjá sí ọmọ-ọmọ nínú ẹ̀dá ènìyàn, àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ opó láti já irú ìdè bẹ́ẹ̀, kò rí ẹ̀rí kankan nínú ìmọ̀ ìṣègùn, kò sì rí i nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ.

Ìṣìnà kejì ni kí a ní níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ara ni ó fà á, kò sí ẹni tí yóò jíhìn mọ́. Ọkọ tí ń lu ìyàwó rẹ̀ lè wí pé bí wọ́n ti tọ́ òun nìyẹn. Ẹrù yàtọ̀ sí ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹrù yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú. Ẹni tí a gbé ẹrù lé lórí nígbà tí ó ń sùn kọ́ ni ó dì í. Síbẹ̀ orí rẹ̀ ni ẹrù náà wà, òun ni yóò sì pinnu bóyá yóò wá ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́, tàbí kí ó jù ú lu ọmọ rẹ̀. Tọ́másì Mímọ́ ti Àkúínò kọ́ wa pé ìfẹ́-ọkàn tàbí ìbínú tí ó bá ṣíwájú ìpinnu wa a máa dín ẹ̀ṣẹ̀ kù, nítorí pé ó ń dín òmìnira kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kátíkísìmù Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1992 kọ́ wa, ní nọ́mbà 1735, pé ẹ̀rù, ìwà tí ó ti mọ́ni lára, àti àwọn ohun tí ó jẹ mọ́ ipò ọkàn lè dín ìjíhìn ènìyàn kù, tàbí kí wọ́n mú un kúrò. A kò wá kọ́ ọ pé gbogbo ìgbà ni ó ń mú un kúrò. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ bí ẹrù ẹnìkọ̀ọ̀kan ti wúwo tó. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ lọ́ra láti dá ẹlòmíràn lẹ́bi, kí a sì yára láti yẹ ara wa wò.

Ìṣìnà kẹta ni ó wọ́pọ̀ jù, òun ni ó sì ń dùn mí jù: kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá. Àwọn kan yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò sì délé lọ wí fún ìyàwó wọn pé, ìwọ ni o fi ẹkún ba ọmọ jẹ́ nínú oyún. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó pa á lẹ́kún? Obìnrin tí ebi ń pa ní ọdún 1968 kò yan ebi. Aboyún tí onílé ń lé kiri, tí ọkọ rẹ̀ ń wọlé lóru pẹ̀lú ariwo, kò yan ìpayà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ìnira ìyá ń dé ara ọmọ, nígbà náà ẹni tí ó bá na aboyún ti na ẹni méjì. Ẹni tí ó bá sì tù ú nínú ti tu ẹni méjì nínú. Ara àwọn tí ó yí ìyá ká ni ìmọ̀ yìí gbé ojúṣe náà lé.

Ìròyìn ayọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ohun tí ìpayà kọ, ìtọ́jú lè tún un kọ. Ní Bucharest, olú-ìlú Romania, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 láti tọ́pa àwọn ọmọ 136 tí a ti kó pa mọ́ sí ilé àwọn ọmọ tí a kọ̀ sílẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tí ń gbé wọn mọ́ra. Àwọn kan nínú wọn ni a gbé fún ìdílé olùtọ́jú. Ìpayà àti ìbànújẹ́ dínkù lára àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dé ilé tuntun kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ni ó sì jèrè jù. Ní ilẹ̀ tiwa, ní Àró ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti fi irú ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ láti ọdún 1954. Ó mú kí àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú máa gbé nínú abúlé tí ó wà nítòsí ilé-ìwòsàn, pẹ̀lú ìbátan wọn kan, láàárín àwọn àgbẹ̀ àti ọmọ wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Kò yọ oògùn sílẹ̀, kò sì yọ ènìyàn sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹlẹ́yà bí ẹ bá gbé ọmọ tàbí ara yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ilé-ìwòsàn Yábàá ti wà láti ọdún 1907, kò sì jìnnà sí wa. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ni ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958 tí ó ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní asínwín lásán. Àdúrà kò ní kí a má lo oògùn, gẹ́gẹ́ bí kò ti ní kí a má jẹun.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ pa ohùn yín rẹlẹ̀ nínú ilé tí oyún wà. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ kí ìyàwó sinmi. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin katikíìsì, ẹ béèrè kí ẹ tó nà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ẹrù kan wà lórí yín láti ìgbà èwe, ẹ má tijú, ẹ má sì jù ú lu ọmọ yín. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín sọ̀ ọ́. Àwọn baba wa ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Kì í ṣe àwa ni a yan ẹni tí ó ń gbé ojúlé kejì sí tiwa ní Festac. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, a lè bu omi fún un, a lè bá a gbé ọmọ rẹ̀ àgbà dání kí ó lè sùn, a sì lè kan ilẹ̀kùn nígbà tí a bá gbọ́ tí wọ́n ń lù ú.

Kí Màríà Wúńdíá, ẹni tí ó gbé oyún la ìrìn àjò àti àìrílé sùn já, máa bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo aboyún ìjọ wa. Àmín.